Arìnmádé

Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì

Ọkọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí ọmọ tí mi ò tíì fọwọ́ kàn. Ṣé ẹ ń sùn dáadáa? Ṣé ọ̀gá yín ní ibùdókọ̀ ti ń jẹ́ kí o sinmi? Ara tèmi le, àfi orúnkún ọ̀tún tí ìwọ náà mọ̀, òun ló ń ṣe bí ẹni pé èmi àti ẹ̀ jọ ń jà. Ìwé ni mo kọ, mi ò pè ọ́. Bí mo bá ti fẹ́ bínú lórí fóònù, kíá lo máa ń gbé e fún ìyàwó rẹ, ìyàwó rẹ á gbé e sí ọmọ létí, èmi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sí ọmọ ọwọ́ títí ìbínú mi á fi lọ. Ìwé kò ṣeé gbé fún ọmọ ọwọ́. Jókòó kí o kà á tán.

Ẹrù rẹ ti dé. Nígbà tí wọ́n já a sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo rò pé fíríìjì ni, inú mi ti ń dùn. Káfíńtà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ló bá mi tú páálí rẹ̀, odidi ọ̀sán kan ló sì fi ń de nọ́ọ̀tì. Bó ṣe ń tò ó ló ń bi mí pé, "Télọ̀, kí ni nǹkan yìí gan-an?" Mo ní kó máa tò ó lọ, bó bá dìde tán á sọ orúkọ ara rẹ̀ fún wa. Ó dìde tán, kò sọ nǹkan kan. Ó ní ibi ìtẹsẹ̀ méjì tó fẹ̀ bí pátákó, ó ní ọwọ́ méjì gbọọrọ tó ń lọ síwájú tó ń lọ sẹ́yìn, ó tún ní ojú kékeré kan lókè tó ń kọ nọ́ńbà. Káfíńtà gùn ún wò. Ó rìn, ó rìn, ó sọ̀kalẹ̀, ó wò yíká, ó ní, "Télọ̀, ibi tí mo ti gbéra ni mo ṣì wà o." Látọjọ́ náà la ti sọ ọ́ ní Arìnmádé.

Jọ̀ọ́, ṣé o ti gbàgbé bí ṣọ́ọ̀bù mi ṣe tó ni? Ìwọ tó jẹ́ pé abẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ lo ti kọ́ bí a ṣe ń rá. Mo ti ti tábìlì náà mọ́ ògiri kí Arìnmádé lè ríbi dúró, ègé aṣọ sì ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tábìlì níbi tí ọwọ́ mi ò dé. Oníbàárà tó bá wọlé ní láti fẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn kó tó dé iwájú dígí. Lánàá, obìnrin kan tó wá wọ ẹ̀wù rẹ̀ wò fi ìdí gbá a. Ó yíjú padà, ó ní kó má bínú. Ó rò pé ènìyàn ló dúró síbẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni pé mi ò béèrè ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tíkẹ́ẹ̀tì ni mo béèrè. Mo ní mo fẹ́ wá kí ọmọ yẹn tó fẹsẹ̀ rìn. Èmi ni mo di ọ́ lọ́wọ́ mú lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀, mo sì fẹ́ di òun náà lọ́wọ́ mú. Mo béèrè ohun tó máa gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ, o wá fi ohun tí kì í dé ibì kankan ránṣẹ́ sí mi. Mo ń retí àlàyé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Télọ̀


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kejì

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú orúnkún, ẹ sì kú ìbínú. Àlàáfíà la wà. Ọmọ ti ń jókòó fúnra rẹ̀, bí ó bá sì fajú ro báyìí, ẹ̀yin gan-an ni. Ìyàwó mi ní kí n má kọ ọ́ síwèé, mo ti kọ ọ́.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi dópin. Dókítà yín ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi. Ó ní iṣan tó yí orúnkún yín ká ti rọ nítorí pé láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ lẹ ń jókòó ti maṣíìnì. Ó ní kí ẹ máa ṣe eré ìdárayá. Mo ní kí ẹ máa rìn, ẹ ní títì ń gún orúnkún yín. Mo ní kí ẹ máa lúwẹ̀ẹ́, ẹ bi mí bóyá ẹja ni mo fẹ́ sọ yín dà. Mo ní kí ẹ máa nàró lórí àga kí ẹ sì máa na ẹsẹ̀, ẹ ní oníbàárà á rò pé orí yín ti yí. Kí ló kù tí mo lè ṣe?

Ẹ̀rọ yìí ni mo rí tó bá ọ̀rọ̀ yín mu. Ẹsẹ̀ kì í kúrò lórí rẹ̀, torí náà kò sí pé ó ń já lulẹ̀ gbì, gbì, tí gbogbo ìwúwo ara á máa dé orí orúnkún. Itan ń ṣiṣẹ́, apá ń ṣiṣẹ́, àyà ń lù dáadáa, èémí á sì gùn sí i. Ẹ tún lè máa fi rìn sẹ́yìn, ìyẹn máa ń ran ẹ̀yìn itan lọ́wọ́. Awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi kan, tí orúnkún tiẹ̀ ti burú débi pé wọ́n ń bá a gbé ẹsẹ̀ wọ ọkọ̀, ń lo irú rẹ̀ nílé ìdárayá tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ wa. Ó ti ń fò wọkọ̀ báyìí.

Ní ti tíkẹ́ẹ̀tì, màmá, àjà kẹrin là ń gbé. Kò sí lífítì. Àtẹ̀gùn náà ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, iná rẹ̀ sì máa ń kú kí èèyàn tó dé àbọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá lè gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dókè lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, ọjọ́ náà ni màá ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ẹ dé tán tó wá le jù, kò burú, màá pọ̀n yín gòkè.

Ẹ máa gùn ún láràárọ̀. Ẹ má fi aṣọ oníbàárà kọ́ ọ lọ́wọ́ o. Mo mọ̀ yín.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta

Ìwọ Awakọ̀,

Mo kí ìyàwó rẹ àti ọmọ. Ìwọ, ó di ìgbà tí mo bá sọ̀rọ̀ tán.

Pọ̀n mí? Ta lo fẹ́ pọ̀n? Èmi tí mo pọ̀n ọ́ sẹ́yìn tí mo fi ń tẹ maṣíìnì, tó jẹ́ pé bí ẹsẹ̀ mi bá dúró báyìí ìwọ náà á bú sẹ́kún, torí pé o rò pé èmi àti maṣíìnì ni a jọ bí ọ! O wá fẹ́ gbé mi sẹ́yìn bí àpò ìrẹsì gba iwájú ilé àwọn ará ilé rẹ kọjá, kí wọ́n máa yọjú, kí wọ́n máa ní, "Ẹ wo ìyá awakọ̀." Ọlọ́run má jẹ́ kí n rí i. Kàkà kí wọ́n pọ̀n mí wọ ilé ọmọ mi, màá kúkú jókòó sí ìsàlẹ̀, kí ẹ máa fi okùn sọ oúnjẹ kalẹ̀ fún mi.

Nípa aṣọ tí o ní kí n má fi kọ́ ọ: ọjọ́ díẹ̀ péré ni mo fi kọ́ ọ, ẹ̀wù àwọn ọmọléèwé sì ni, kò wúwo. Ta ló sọ fún ọ?

Mo ń gùn ún. Ìgbà tó kọ́kọ́ dé, ó le bí ìgbà tí èèyàn ń ti ọkọ̀ tó kú, àmọ́ èmi kì í ṣe ọmọdé nídìí maṣíìnì, mo ti mọ bí mo ṣe bá a ṣe é. Ó ti wá ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kí n tó ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀ ni mo ti ń wà lórí rẹ̀. Ó ti mọ́ mi lára débi pé mò ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù lórí rẹ̀. Mi ò purọ́. Màá fi igbáàyà ti ọwọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ mi á máa lọ, abẹ́rẹ́ mi á máa lọ. Káfíńtà ní òun ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ojú kékeré tó wà lókè ń sọ fún mi pé ibi tí mo ti rìn dé ti kọjá odò. Òógùn ò sì yọ lára mi rárá. Bí ara ẹni tó le ṣe ń rí nìyẹn.

Orúnkún yẹn ṣì ń dùn mí, mi ò ní fi pamọ́ fún ọ. Bóyá díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀rọ ń wò ó sàn. Àmọ́ mo ti ṣe ohun tí o ní kí n ṣe. Ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ìyá rẹ tí ẹnikẹ́ni ò ní pọ̀n,
Télọ̀


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹrin

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ máà bínú nípa ọ̀rọ̀ pípọ̀n, ẹnu ló yọ̀. Ọmọ ti ń rá. Abẹ́ àga ló ń rá lọ ní gbogbo ìgbà, a ò mọ ohun tó ń wá níbẹ̀.

Mo ka ìwé yín lórí ìjókòó ọkọ̀ nígbà tí mo dúró de àwọn èrò, mo sì tún un kà, mo ní bóyá ojú mi ni. Bọ́tìnnì, màmá? Lórí ẹ̀rọ ìdárayá? Ọwọ́ wo lẹ fi di ẹ̀rọ náà mú? Ẹ sì tún ní òógùn ò yọ, ẹ wá ń fi ìyẹn yangàn! Òógùn gan-an la torí ẹ̀ ra ẹ̀rọ. Bí èèyàn bá wà lórí rẹ̀ bó ṣe yẹ, kò yẹ kó lè kọrin. Ọ̀rọ̀ ló lè sọ, òun náà á máa já lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yin ń ranṣọ! Kí ni "mo bá a ṣe é" tí ẹ kọ síbẹ̀ yẹn túmọ̀ sí? Kí lẹ ṣe sí ẹ̀rọ náà?

Mo pe ọsibítù yín. Wọ́n ní ẹ ò tíì padà wá látìgbà tí wọ́n ti fún yín lóògùn ìpara. Wọ́n ní obìnrin kan wà tó ń kọ́ àwọn olórúnkún ní eré ìdárayá, pé ó ti ń retí yín tipẹ́. Màmá, mo ń wakọ̀ láti ìdájí, mo ń gbé ọmọ gun àjà kẹrin, mo tún ń bá yín fa ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ti tán. Ó ti rẹ̀ mí. Mi ò lè ra tíkẹ́ẹ̀tì báyìí. Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù. Bóyá lẹ́yìn ọdún.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹrin

O ní bóyá lẹ́yìn ọdún.

Lẹ́yìn ọdún, ọmọ yẹn á ti máa sáré. Á wò mí lẹ́nu ọ̀nà, á sì lọ sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀ torí pé àlejò dé. Bí o kò bá fẹ́ kí n wá, mo ti dàgbà tó ẹni tí wọ́n ń sọ òótọ́ fún. Bóyá ilé yín kéré. Bóyá ìyàwó rẹ ò fẹ́. Bóyá ojú ń tì ọ́ láti mú télọ̀ tí òwú lẹ̀ mọ́ lápá lọ han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Èyí ó wù kó jẹ́, sọ ọ́. Má mú mi rin ìrìn tí kò lópin lójú kan kí n lè gbàgbé ibi tí mò ń lọ.

Mo kí ìyàwó rẹ. Mo kí ọmọ.

Télọ̀


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún

Màmá mi,

Mo ti pè títí. Ẹ ò gbé e. Nígbà tí wọ́n máa wá gbé e lọ́sẹ̀ tó kọjá, ohùn Káfíńtà ni mo gbọ́, ó ní, "Télọ̀ ní òun ń ranṣọ." Mo gbọ́ ohùn yín lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ ní kó sọ fún mi pé iṣẹ́ pọ̀. Ó dun mí, màmá, mi ò ní purọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ tẹ́lẹ̀. Bàbá kan wà ní àjà kejì ilé wa. Ọmọ rẹ̀ ló mú un wá bí mo ṣe fẹ́ mú yín wá yìí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dáa, wọ́n ràn án lọ́wọ́ gòkè, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Látọjọ́ náà, kò sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù àtẹ̀gùn ń bà á. Ọmọ rẹ̀ á jáde lọ síṣẹ́ láàárọ̀, á ti ilẹ̀kùn, bàbá á gbé àga sójú fèrèsé. Ibẹ̀ la ti máa ń kí i. Ó mọ ìgbà tí mo máa ń jáde àti ìgbà tí mo máa ń wọlé, torí kò ní nǹkan mìíràn tó ń wò. Lọ́jọ́ kan ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun fọwọ́ kan ilẹ̀ wò, bóyá òjò tó rọ̀ ti gbẹ. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kàn án, mo ní ó ti gbẹ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í lè jókòó sílé títí ilẹ̀ á fi mọ́ tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá gbogbo ẹni tó bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù jà lórí bí wọ́n ṣe ká ìsàlẹ̀ ṣòkòtò wọn. Ṣé ojú fèrèsé ni kí n mú yín wá jókòó sí? Mo fẹ́ kí ẹ wá. Kò sóhun tí mo fẹ́ tó ìyẹn. Mo kàn fẹ́ kí ó jẹ́ pé bí ẹ bá gòkè, ẹ máa lè sọ̀kalẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ rí obìnrin ọsibítù yẹn.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù keje

Ọkọ mi,

Mo kí gbogbo yín. Mo pẹ́ kí n tó fèsì. Mo kọ́kọ́ ń bínú ni, lẹ́yìn náà mo wá ń tijú, ìtìjú ló sì gba àkókò jù.

Ọ̀rọ̀ bàbá ojú fèrèsé yẹn, kí ló dé tí o kò sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀? Ò bá ti gba èmi àtìwọ lọ́wọ́ ariwo. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ máa ń kó òótọ́ pamọ́ bí ẹni kó ẹran pamọ́ fún ológbò, títí á fi máa rùn. Nígbà tí mo kà á tán, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo sunkún díẹ̀, mo wá lọ sí ọsibítù.

Obìnrin náà, Má-jókòó ni mo sọ ọ́, torí kò sí ẹni tó máa rí lórí àga tí kò ní lé dìde. Mo sọ fún un pé kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, mo ti ń gun ẹ̀rọ láti oṣù kejì. Inú rẹ̀ dùn. Ó mú mi lọ sídìí irú rẹ̀ tí wọ́n ní níbẹ̀, ó ní kí n ṣe é kí òun rí i. Mo gùn ún pẹ̀lú ìgbéraga. Mo tẹ̀ ẹ́, kò lọ. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó lọ díẹ̀, itan mi ń gbọ̀n. Mo ní, "Ẹ̀rọ yín ti ń ṣàìsàn, ẹ wá òróró sí i."

Ó wò mí. Ó ní, "Màmá, báwo ni tiyín ṣe ń lọ?" Mo ní tèmi ń lọ wẹ́rẹ́. Mo ṣàlàyé bí mo ṣe rí kókó kan lára rẹ̀ lọ́jọ́ tó dé, irú èyí tó ń fún òwú lórí maṣíìnì, tí mo sì tú u títí kò fi ṣeé tú mọ́, tí mo ní kí Káfíńtà fi wáyà so ó pa kó má baà tún fún padà. Mo da òróró maṣíìnì sí gbogbo oríkèé rẹ̀. Má-jókòó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní líle yẹn gan-an ni iṣẹ́ ibẹ̀, pé látọjọ́ yẹn afẹ́fẹ́ ni mo ń tẹ̀.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Sọ fún mi. Látìgbà tí mo ti ń ranṣọ, maṣíìnì tó bá ń le, maṣíìnì burúkú ni. Ó ń já òwú, ó ń ká aṣọ, ó ń lé oníbàárà lọ. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní bí maṣíìnì bá le, kò sí ohun tó ń sọ ju pé kí n tọ́jú òun. Mo tọ́jú èyí náà. Ta ló máa ń ṣe ẹ̀rọ kó lè máa le?

A ti tú wáyà náà. Mo ti fún kókó yẹn díẹ̀díẹ̀. Ọkọ mi, òógùn yọ! Ẹ̀wù mi lẹ̀ mọ́ mi lára bí ẹni tí òjò pa. Mi ò lè rán bọ́tìnnì kankan, mi ò tiẹ̀ lè dá Káfíńtà lóhùn. Má-jókòó ní kí n má fara ti ọwọ́ rẹ̀, kí n nàró, kí n sì máa yí ẹsẹ̀ padà lórí rẹ̀ torí ìka ẹsẹ̀ mi máa ń kú tipiri. Nígbà tó yá, orúnkún yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Ojúmọ́ kan mọ́, mo dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láìpariwo, mo sì padà lọ jókòó, mo tún dìde, kí n lè mọ̀ bóyá àlá ni.

Mo wá ní ó tó. Mo lọ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníṣègùn eyín tó wà ní kọ́nà wa. Àjà mẹ́rin lòun náà ní. Mo ní kí n gùn ún lọ, kí n bọ̀ wálé wá kọ̀wé yangàn sí ọ. Àjà kìíní péré ni mo dé. Kì í ṣe agbára ló tán, itan mi wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbéra kúrò nílẹ̀ mọ́. Arìnmádé kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbéra, òun ló ń gbé e kiri. Ara mi fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, mo di irin mú, mo sì jókòó láàárín àwọn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń pe orúkọ ní, "Màmá, èwo ló ń dùn yín, ti òkè ni àbí ti ìsàlẹ̀?" Mo ní ti ìsàlẹ̀. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ fi Arìnmádé jó iná.

Má-jókòó ní òun ì bá ti sọ fún mi bí mo bá béèrè. Ó ní ẹ̀rọ náà dára fún èémí àti itan, ó sì ń ṣàánú orúnkún, àmọ́ ó ń ṣàánú jù. Ó ń di èèyàn mú, kò kọ́ èèyàn bí a ṣe ń dá dúró, kò sì jẹ́ kí eegun mọ bí ara ṣe wúwo tó. Ó ní kí n máa gùn ún, kí n tún máa gun àtẹ̀gùn gidi, ẹsẹ̀ tó dára ni kó máa ṣáájú gòkè, èyí tó ń dùn ni kó máa ṣáájú bọ̀ wálẹ̀. Ilé eléyín ni mò ń lọ báyìí láràárọ̀. Wọ́n ti mọ̀ mí níbẹ̀, wọn ò bi mí ní eyín mọ́.

Inú mi ò tíì rọ̀ tán sí ọ o. Àmọ́ ó ti ń rọ̀.

Ìyá rẹ,
Télọ̀


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù keje

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àtẹ̀gùn. Mo ka ọ̀rọ̀ kókó àti wáyà yẹn fún ìyàwó mi, ó rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí. Ọmọ yín ti ń di àga mú dìde. Ó ń dúró báyìí, ó ń wò wá bí ẹni pé àwa la jẹ ẹ́ ní àlàyé, lẹ́yìn náà á jókòó gbì. Kò ní pẹ́ mọ́, màmá.

Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó wà nínú ìwé yìí, ẹ má gé e mọ́ aṣọ.

Ẹ má sì da ara yín láàmú nípa àtẹ̀gùn mọ́ rárá. Mo ti wá nǹkan ṣe sí i. Mo ti rí ilé mìíràn tó jẹ́ ìsàlẹ̀ pátápátá, a sì máa kó lọ síbẹ̀ kí ẹ tó dé. Mo ti gba kọ́kọ́rọ́. Ó jìnnà sí ibùdókọ̀ díẹ̀, fèrèsé rẹ̀ dojú kọ ibi tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí sí, ó sì kéré sí èyí tí à ń gbé, àmọ́ ẹ ò ní gun ohunkóhun. Láti ẹnu ọ̀nà, ẹ ti wọlé nìyẹn. Mo mọ̀ pé inú yín máa dùn.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ

Ìwọ ọmọ yìí,

Ṣé orí rẹ pé?

Mi ò kí ẹnikẹ́ni. Ọmọ nìkan ni mo kí.

Láti oṣù kejì! O ra ẹ̀rọ tó gba ìdajì ṣọ́ọ̀bù mi. O bá mi jà lórí òógùn, o bá mi jà lórí bọ́tìnnì, o ní lẹ́yìn ọdún, o fi bàbá ojú fèrèsé pa mí lẹ́kún. Mo di ẹni tí wọ́n ń kí nílé eléyín láìní eyín kankan tó ń dùn mí. Ìgbà tí mo wá múra tán lo lọ wá ilé tí kò ní àtẹ̀gùn! Kí ni kí n wá fi itan yìí ṣe? Ṣé kí n máa fi wo ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí ni?

Gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ àná. Mo gun ilé eléyín yẹn láti ìsàlẹ̀ dé òkè pátápátá. Mi ò dúró. Ní òkè lọ́hùn-ún, mo rí òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi, ó ti dípẹtà gidi, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, mo rántí pé kò sí ẹni tó rí mi, mo wá lọ pe Káfíńtà kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀, mo tún un gùn lójú rẹ̀. Àjà kejì ni Káfíńtà ti jókòó tí ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Mo ti gbé Arìnmádé fún un. Mo ti fi wáyà so kókó rẹ̀ mọ́ ibi tó le jù, kí òun náà má baà tú u bí mo ṣe tú u.

Dá kọ́kọ́rọ́ yẹn padà. Lónìí. Bí o bá kó kúrò nílé tó tẹ́ ọ lọ́rùn nítorí tèmi, mi ò ní dárí jì ọ́, orí kẹ̀kẹ́ maṣíìnì mi ni mo fi búra. Sọ fún ìyàwó rẹ pé kó tú àwọn ẹrù tó ti dì. Sọ fún bàbá àjà kejì pé télọ̀ kan ń bọ̀ tó máa kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ló ń ṣáájú bọ̀ wálẹ̀, kó máa fi ìyẹn sọ́kàn dè mí. Èmi àti ẹ̀ la jọ máa sọ̀kalẹ̀ lọ wo ilẹ̀ bóyá ó ti gbẹ.

Lọ́jọ́ tí mo bá dé, ní kí ìyàwó rẹ gbé ọmọ dúró sẹ́nu ọ̀nà lókè, kí ó rí mi bí mo ṣe ń bọ̀. Ìwọ dúró dè mí nísàlẹ̀. Àpótí mi wúwo, torí mo ti rán ẹ̀wù fún ọmọ yẹn títí dé èyí tí á wọ̀ lọ sílé ìwé. Àpótí ni kí o gbé. Má gbé mi.

Ìyá rẹ,
Télọ̀